Kí Ni Ọmọ IT Ń Kọ́ Gan-an?

Mo mọ̀ pé orí ìdúró lẹ ti ń ka ìwé ìròyìn ògiri wa yìí, àwọn míì dẹ̀ ti ń gbọ́ aago lẹ́tì, nítorí náà mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò.

Ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì kọ́máṣà SS2 léèrè ibi tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn WAEC. Yabatech ni ọ̀pọ̀ máa dárúkọ. Àwọn míì á ní LASU, torí pé láti Alákijà níbí sí Ọ̀jọ́ kò jìnnà. Ẹ wá bi àwọn tó ń lọ sí póli pé kí ni wọ́n máa ṣe lọ́dún tí wọ́n bá parí ND. Wọ́n á ní, “IT ni.” Kí ni wọ́n ń ṣe níbi IT? “Wọ́n ń ṣiṣẹ́.” Iṣẹ́ wo? Ibẹ̀ ni ẹnu ti máa ń wọhò. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí nìyẹn, torí ọdún kan gbáko ni ọ̀rọ̀ náà, àti owó ọkọ̀ ọdún kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò nílẹ̀ ná. IT tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà o. Industrial Training ni, ìyẹn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú kíláàsì fún ìgbà díẹ̀, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ tó ń kà nínú ìwé, kó bá wọn ṣe é. Ọdún méjì ni ND ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe, èyí táwa ń pè ní póli. Ọdún méjì náà ni HND. Àárín méjèèjì ni ọdún kan iṣẹ́ wà: kí wọ́n tó gbà ọ́ padà fún HND, o gbọ́dọ̀ fi hàn pé o ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan lẹ́yìn ND. Ó kan ọmọ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó àti ọmọ ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ. Èyí yàtọ̀ sí SIWES tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀kọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, tó jẹ́ oṣù mẹ́rin fún àwọn ará póli, oṣù mẹ́fà fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì.

Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá? Lọ́dún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá Industrial Training Fund sílẹ̀, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos. Nígbà tó di 1973, ITF bẹ̀rẹ̀ SIWES. Àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ló ń pariwo nígbà náà pé àwọn ọmọ tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ síwájú wọn, wọ́n á máa wò ó ni. Kì í ṣe Nàìjíríà ló kọ́kọ́ ro èyí o. Lọ́dún 1906, ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Herman Schneider pín àkókò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 27 sí méjì. Wọ́n á wà ní kíláàsì fúngbà díẹ̀, wọ́n á lọ sí ilé-iṣẹ́, wọ́n á tún padà. Àwọn èèyàn rò pé kò ní ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n àwa tá à ń gbé Àmùwó-Ọ̀dọ̀fin, ṣé dandan ni ká lọ dé Cincinnati ká tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kíkọ́ṣẹ́? Ẹ bọ́ sí títì Bàdágírì nìkan, ẹ kọrí sí Trade Fair. Nínú ọgbà tí ìjọba kọ́ fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé lọ́dún 1977, ọdún kan náà tí wọ́n ṣe FESTAC tí ìlú Festac fi ń jẹ́ Festac, ẹ máa rí ASPAMDA tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹ máa rí BBA táwọn oníṣòwò rẹ̀ kó wá láti Balógun ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, ọmọkùnrin kan máa wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tiwa lọ púpọ̀, tó mọ iye tí wọ́n ra ọjà, iye tí wọ́n ń tà á, oníbàárà tó lè gba àwìn àti èyí tí wọn kì í fún. Àwọn ará Íbò ń pe tiwọn ní Igba Boi. Ọmọ náà á sin ọ̀gá fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà, tàbí jù bẹ́ẹ̀, kò ní gba owó oṣù. Bó bá sìn ín délẹ̀, ọ̀gá á fún un lówó tàbí ọjà tó máa fi dá òwò tiẹ̀ sílẹ̀.

Tiwa Yorùbá ni ìkọ́ṣẹ́. Òbí á mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọ́n á sọ iye owó àti iye ọdún, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé. Lọ́jọ́ tó bá gba fíríìdọ̀mù, ọ̀gá á gbàdúrà lé e lórí lójú gbogbo ẹgbẹ́, á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ wo èyí dáadáa: nínú méjèèjì, ọ̀gá jẹ ọmọ ní gbèsè. Bí ọmọ bá sìn tán tí kò mọ iṣẹ́, ojú ọ̀gá ló máa tì. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ á bi í pé, “Ọmọ ta lèyí?”

IT ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ibi tí o ti ń ṣe IT kò jẹ ọ́ ní gbèsè kankan. Bàbá rẹ kò san owó fún un, ìwọ náà kò ní sìn ín fún ọdún mẹ́fà. Lójú tiẹ̀, àlejò ni ọ́, o ò ní pẹ́ lọ. Bí kò bá ráyè, kò ní kọ́ ọ ní nǹkan kan, ayé ò dẹ̀ ní bá a wí. Èrò tèmi ni pé ìdí gan-an nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ti ibi IT bọ̀ bí wọ́n ṣe lọ. Wọ́n lọ síbẹ̀ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́, wọ́n ń retí kí ẹnì kan pè wọ́n kó ní, “Wá, jẹ́ kí n fi hàn ọ́.” Ẹni náà kò wá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe tiẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Ó ti parí ND nínú ìṣàkóso òwò. Kó tó rí ibi tó wà yìí, ó ti há lẹ́tà fún ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, títí dé Màrínà. Ọ́fíìsì kan gbà á ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibi tó rẹwà, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní san kọ́bọ̀. Ilé-iṣẹ́ kejì kéré, wọ́n ń kó ọṣẹ àti ọjà ilé fáwọn oníṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wa níbí, wọ́n ní àwọn á máa fún un lówó ọkọ̀. Gbogbo ilé ló ní kó lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó torí orúkọ. Màmá wa nìkan ló mú bíró. Wọ́n ní ká ní owó ọkọ̀ jẹ́ 1,800 náírà lójúmọ́, lílọ àti bíbọ̀, kó sì jẹ́ ọjọ́ 22 ló ń lọ lóṣù, 39,600 náírà nìyẹn, kó tó jẹun. Ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Mile 2 sí Màrínà láti oṣù kẹsàn-án 2023 lóòótọ́, ó dẹ̀ yára, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ láti Alákijà dé Mile 2, kó tún padà nírọ̀lẹ́. Ta ló máa san án fún oṣù méjìlá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé owó ITF ló máa san án. Owó yẹn, ti SIWES ni, kò kan ọdún kan ẹ̀yìn ND yìí. Ibi tí o bá ti ń ṣiṣẹ́ ló máa fún ọ lówó, bí wọ́n bá máa fún ọ.

Bó ṣe gba ti àdúgbò nìyẹn. Oṣù méjì àkọ́kọ́, mo máa ń rí i tó bá dé nírọ̀lẹ́, inú rẹ̀ kì í dùn. Wọ́n ń rán an ní oúnjẹ, wọ́n ń ní kó ṣe fọ́tókọ́pì, kó gbá ọ́fíìsì. Kì í ṣe pé iṣẹ́ yẹn burú, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ṣe fún ọdún kan, kí ló máa sọ fún àwọn tó ń gbà wọ́n wọlé fún HND? Lọ́jọ́ kan ó lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó sítọ́ọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n máa bá yín kọ káàdì ọjà?” Ọ̀gá náà wò ó, ó ní ṣé ó mọ̀ ọ́n kọ. Ó ní wọ́n kọ́ òun níwèé, òun ò tíì fọwọ́ kàn án rí. Inú ọ̀gá dùn, torí iṣẹ́ náà ti sú u.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbi káàdì ọjà yìí, torí ó wà nínú ìwé Commerce wa, a dẹ̀ máa ń há a sórí fún ìdánwò láì mọ ohun tó wà fún. Àlàfo mẹ́rin ló ṣe pàtàkì lórí rẹ̀: ọjọ́, ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹ gbọ́ bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe lọ lórí káàdì ọṣẹ kan níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páálí 48. Ọjọ́ Ajé, wọ́n ta 22, ó ku 26. Ọjọ́rú, ọkọ̀ kó 60 wá, ó di 86, wọ́n ta 31 lọ́jọ́ kan náà, ó ku 55. Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ta 19. Ẹ yọ ọ́: 36 ló yẹ kó wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ọjà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 33 ni wọ́n bá.

Páálí mẹ́ta ti di àwátì. 9,500 náírà ni wọ́n ń ta ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 28,500 náírà. Ọmọkùnrin kan ló ń gbé ọjà jáde ní sítọ́ọ̀ náà. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè nǹkan kan, wọ́n ti ní wọ́n máa yọ ọ́ lówó oṣù rẹ̀, ẹnì kan dẹ̀ ti ń pè é ní olè. Ọmọkùnrin náà ń sunkún pé òun ò mú nǹkan kan. Ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹnu lásán ló ní.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Káàdì ọjà kì í sọ ẹni tó jalè. Ohun tó ń sọ kò ju pé ohun tó wà lórí ìwé àti ohun tó wà nílẹ̀ kò bára mu. Ọ̀nà tí wọn kì í fi í bára mu pọ̀. Ó lè jẹ́ olè lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan kó ọjà láwìn tí wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé eku jẹ páálí, wọ́n jù ú nù, kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọjà náà kò tiẹ̀ wọlé rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n jẹ́ kóun wo ìwé mẹ́ta pa pọ̀. Àkọ́kọ́ ni káàdì ọjà. Ìkejì ni waybill, ìyẹn ìwé tó máa ń bá ọjà rìn nínú ọkọ̀, tó ń sọ ohun tí awakọ̀ kó àti iye rẹ̀, tí ẹni tó gba ọjà máa fọwọ́ sí. Ìkẹta ni ìwé ẹnu géètì tí ọlọ́dẹ máa ń kọ bí ọjà bá ń wọlé. Waybill ọjọ́rú ní 60. Káàdì ní 60, torí orí waybill ni wọ́n ti wò ó kọ. Ìwé ọlọ́dẹ ní 57. Ọlọ́dẹ yẹn kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n páálí ni òun ń kà bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò ka ìwé awakọ̀. Ẹni tó gba ọjà náà sì ti fọwọ́ sí 60 láì kà á, nítorí òjò ń bọ̀. Wọ́n pe àwọn tó kó ọjà wá, àwọn náà yẹ ilé wọn wò, wọ́n rí i pé páálí mẹ́ta ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ wọn, wọ́n fi kún ọjà ọ̀sẹ̀ kejì. Wọn ò yọ kọ́bọ̀ lówó oṣù ọmọkùnrin náà. Ẹni tó pè é lólè kò bẹ̀ ẹ́ o, ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ èyí fún wa nílé, mo lọ mú ìwé Commerce mi, mo ṣí i síbi tí a ti kọ ìtumọ̀ waybill. Ìlà kan péré ni. Mo ti gba máàkì lórí ìlà yẹn rí.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń jẹ́ kó fọwọ́ kan àwọn ìwé míì. Invoice ló kàn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fò ó nínú ìdánwò, ẹ wò ó: ká ní oníbàárà ra páálí bébà tó jẹ́ 40,000 náírà. VAT jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì 2020, 5 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. 3,000 náírà nìyẹn, oníbàárà á san 43,000. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé 43,000 ló wọ àpò ilé-iṣẹ́. Rárá o. 40,000 ni tiwọn, 3,000 yẹn owó ìjọba ni, wọ́n kàn ń bá ìjọba gbé e dání ni. Ó ní akọ̀wé owó ibẹ̀ ní oníṣòwò tó bá ń ná owó VAT bí ẹni ń ná èrè, ọjọ́ tí àwọn agbowó orí bá dé ló máa mọ̀ pé gbèsè lòun ti ń ná.

Ó kù ọ̀rọ̀ logbook. Ní SIWES, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sí ni, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, olùkọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ àti òṣìṣẹ́ ITF náà á wò ó. Lójú tèmi, logbook ló wà ní ipò gbèsè tí ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́ máa ń jẹ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Bí ojú ewé rẹ bá ṣófo, ìwọ fúnra rẹ máa mọ̀ pé òní ti lọ lásán, o máa wá nǹkan béèrè lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi, wọn kò fi dandan lé e fún un, ó ra ìwé ogójì ojú ewé, ó ń kọ tiẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Lóṣù kìíní, ohun tó wà níbẹ̀ rí báyìí: “Mo ran ọ́fíìsì lọ́wọ́.” Lóṣù kẹta: “Mo fi waybill mẹ́rin wé káàdì ọjà. Mẹ́ta bára mu. Ẹ̀kẹrin, nọ́ńbà ọjà yàtọ̀, mo fi han ọ̀gá sítọ́ọ̀, ó ní kí n kọ ọ́ sí ìwé ọjà tó ní wàhálà.” Ẹ fi méjèèjì síwájú ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́, kó yan ọ̀kan.

Àwọn kan wà tó ń sanwó kí wọ́n bá wọn lu òǹtẹ̀ síwèé pé wọ́n ṣe IT, wọ́n á wá jókòó sílé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Mi ò bá wọn jà, àwọn míì ò rí ibì kankan gbà wọ́n, wọ́n kiri títí bàtà fi jẹ. Àmọ́ ẹ fojú inú wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní sítọ́ọ̀ yẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó ti di ọ̀gá, tó ní HND lọ́wọ́, tí ọmọkùnrin yẹn ń sunkún níwájú rẹ̀. Ìwé wo ló máa ní kí wọ́n gbé wá?

Bí a bá ti mọ èyí, kí la lè ṣe báyìí tá a ṣì wà ní SS2? Lọ́dún 2011 ni ìjọba fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò kún ti girama àgbà, 34 ni wọ́n nígbà náà, bookkeeping, storekeeping, marketing àti salesmanship sì wà lára wọn. Àwa máa ń ka wọ́n sí àfikún lásán. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́: bí ẹ bá lè jẹ́ ká fi káàdì ọjà ka ọjà káńtíìnì ilé ẹ̀kọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó máa yé wa ju kí ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí pátákó lọ. Mo ti bá màmá káńtíìnì sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò kọ̀, bí a ò bá sáà ti ní jẹ bisikíìtì wọn níbi tá a ti ń kà á.

Káàdì ọjà tó ṣófo kan wà nísàlẹ̀ ojú ewé yìí, mo fi rúlà fà á. Ẹni tó bá fẹ́ lè dà á kọ. Bí ìyá tàbí bàbá ẹnikẹ́ni bá ń tajà, ẹ lo ọjà kan ṣoṣo, bóyá ìrẹsì tàbí ọṣẹ, ẹ kọ ọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ẹ wá ka ohun tó wà nílẹ̀. Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé àbúrò yín ló jí i. Ẹ kó káàdì náà wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ oníròyìn lẹ́yìn aago ìparí ní Ọjọ́bọ̀, ká jọ wá ibi tí ó gbà.